Ládìípọ̀, Ọjà tí A ti ń Ra Ọkàn Tuntun fún Ọkọ̀ Ògbólógbòó

Bí ènìyàn bá kúrò ní Òṣòdì nílùú Èkó, tí ó kọjú sí ọ̀nà Apápá, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé Ládìípọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí ọjà náà. Òórùn epo ẹnjìnì àti ti irin tí a ń fi iná jó pọ̀ ni ó ń pàdé àlejò lọ́nà. Ọjà náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin, ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Tuntun wà, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Belgium, ni ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkè, odò àti ààfin ọba nìkan ni ó yẹ kí á rin ìrìn-àjò lọ wò. Ní tèmi o, bí tíṣà kan bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí bí ọgbọ́n orí àti agbára apá ṣe ń bọ́ ìlú, kí ó kó wọn lọ sí Ládìípọ̀ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ra kòkó ní agbègbè Ìdànrè ni ó mú mi dé ibẹ̀. Ó ní Land Rover gígùn kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1975, ibi gbànjo ni ó ti rà á, òun ni ó sì fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdànrè mọ̀ pé òkè yí ìlú náà ká, kòkó sì pọ̀ nínú oko wọn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kò lè dé inú oko mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó tí a ti sá kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ọ̀rinrin, torí pé yóò bu, ẹni tí ó ń rà á yóò sì gé owó rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹnjìnì ti ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni tí ń fa èéfín bí àgbà tí ń fa ìkòkò tábà, gíà kejì rẹ̀ sì ń yọ fúnra rẹ̀ bí ó bá ń gun òkè.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí kò ra òmíràn? Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìdáhùn náà. Kí ìjọba tó dá náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ó ti ju 1,400 lọ. Owó tí a fi ń ra odindi ọkọ̀ tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Bẹntiróòlù náà sì ti wọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀, Land Rover àtijọ́ sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi pinnu pé òun yóò fi ara ọkọ̀ náà sílẹ̀, òun yóò pààrọ̀ ọkàn rẹ̀.

Ara náà yẹ kí á fi sílẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam. Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun Hitler, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara rẹ̀, ìpẹtà kì í sì í jẹ ẹ́ bí ó ti ń jẹ ti ọkọ̀ mìíràn. Irin ni ṣáásì tí ó wà lábẹ́, ibẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi òòlù kàn wò. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọ̀gbìn lo ọkọ̀ yìí káàkiri ilẹ̀ wa, títí di oní ni àwọn àgbà ń rántí ọ̀pá olórí pupa àti ọ̀pá olórí ìyeyè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà. Ṣùgbọ́n gíà mẹ́rin péré ni ó ní, agbára ẹnjìnì bẹntiróòlù rẹ̀ kò sì ju ti nǹkan bí àádọ́rin ẹṣin lọ.

A gba Àkúrẹ́, a kọjá Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, a sùn ní Èkó, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wa ní Ládìípọ̀. Ẹni kẹta wa ni mẹkáníìkì kan láti Àkúrẹ́, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ohun tí ó mú dání yà mí lẹ́nu: okùn kan tí ó ti ta kókó sí ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó ní òun ti wọn inú ọkọ̀ náà láti ibi rédíétọ̀ dé ara ògiri níwájú awakọ̀, láti orí ṣáásì dé ìsàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti láti ibi tí ikùn ẹnjìnì yóò wà dé orí irin tí táyà iwájú wà lára rẹ̀. Ó ní bí ikùn ẹnjìnì bá ga ju bí ó ti yẹ lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ru ẹrù bọ́ sínú kòtò ni irin náà yóò gún un.

Ojú rí nǹkan ní ọjà náà! Ẹnjìnì jókòó lórí táyà bí ìyàwó lórí ẹní, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ti gíà lórí ọmọlanke, èdè Ìgbò, Yorùbá àti Píjìn sì ń fò kọjá lórí ara wọn. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ fi ẹnjìnì bẹntiróòlù Toyota kan hàn wá, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Land Rover. Owó rẹ̀ rọjú, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń yọ́. Mẹkáníìkì tẹ̀ba, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo wáyà rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a kò ní í ra èyí. Ẹnjìnì òde òní, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní brainbox ni ó ń sọ fún un ìgbà tí yóò mu epo. Brainbox rẹ̀ kò sí níbí, wáyà rẹ̀ ti gé. Odindi oṣù ni rẹ́wáyà yóò fi wá ohun tí ó sọnù. Agbára rẹ̀ náà tún pọ̀ jù fún eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ yín; yóò máa ṣẹ́ ẹ ni."

Ìsọ̀ kẹta ni a ti rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn: ẹnjìnì dísẹ́ẹ̀lì Toyota tí wọ́n ń pè ní 5L, tí wọ́n yọ lára Hilux tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta, pọ́ǹpù lásán ni ó ń fún un ní epo, kò fẹ́ brainbox rárá. Gíà márùn-ún ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú gíà kékeré tí ó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ìsọ̀ so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n ti rọ́bà bọ inú kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì, ó sì dún. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí epo rẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó wò bóyá èéfín ń tú jáde níbẹ̀, ó wo abẹ́ ìdérí bóyá epo ti funfun bí ẹ̀kọ, èyí tí í máa fi hàn pé omi ti wọ inú rẹ̀. Kò rí aburú kankan. Ó na okùn rẹ̀, kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣe déédéé.

Ìgbà tí a dúnàá-dúrà tán ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ìsọ̀ kan mú sípánà, ó ń tú ọ́tánétọ̀, èyí tí ó ń fi iná sínú bátìrì. Ọlọ́jà ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ìyẹn. Owó ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tí ó kù sì jẹ́ owó tí ó fẹ́ fi ra kòkó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un. Èyí tí ó wà lára ọkọ̀ mi ṣì ń ṣiṣẹ́."

Mẹkáníìkì di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, bí èyí bá kúrò níbẹ̀, èmi kò ní í ṣe iṣẹ́ náà. Bíréèkì yín ni wọ́n ń tú lọ yẹn."

Ó ṣàlàyé fún wa. Agolo ńlá kan wà nídìí bíréèkì ọkọ̀ náà. Ẹnjìnì bẹntiróòlù a máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, fífà yìí ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹnjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fa afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Japan tí ó ṣe é mọ̀, wọ́n sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ rẹ̀ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fi ọ́tánétọ̀ yẹn sílẹ̀ sọ́jà yóò gun òkè Ìdànrè lọ ní ayọ̀. Ìgbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹrù kòkó ni yóò mọ ohun tí ó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ka owó kòkó jáde. A ra ọ́tánétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹnjìnì, ọ̀pá gíà àti ṣáàfù méjèèjì, gbogbo rẹ̀ lára ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbà tí a padà dé Àkúrẹ́ gba ọjọ́ mọ́kànlá. Gbígbé ẹnjìnì wọlé kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ni ó jẹ gbogbo ọjọ́ tí ó kù. Ajórinmọ́rin jó ìjókòó tuntun mọ́ ṣáásì. Wọ́n gé ilẹ̀ ọkọ̀ kí ọ̀pá gíà lè jáde níbi tí ó wù ú. Ibi tí ṣáàfù ti ń wọ ẹsẹ̀ Land Rover kò sí láàárín gbùngbùn, apá ọ̀tún ni ó wà níwájú àti lẹ́yìn; nítorí náà wọ́n sún ẹnjìnì sí apá ọ̀tún díẹ̀, wọ́n sì kó ṣáàfù méjèèjì lọ fún àwọn tí ó ń lo ẹ̀rọ lééètì kí wọ́n gé wọn bá a mu, kí wọ́n sì tò wọ́n kí ó má baà máa gbọ̀n. Wọ́n fọ táǹkì epo mọ́ tónítóní, wọ́n lu ihò sí i fún páìpù kejì, torí pé dísẹ́ẹ̀lì tí pọ́ǹpù kò bá lò ń padà sí táǹkì ni. Bátìrì tí ó tóbi jù ti àtijọ́ lọ ni wọ́n fi sí i. Níkẹyìn, wọ́n tú bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì pààrọ̀ àwọn rọ́bà inú rẹ̀.

Mo wà nínú ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ru kòkó jáde láti oko. Kò sáré púpọ̀, ariwo rẹ̀ sì ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó rọra gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ti máa ń já ẹrù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tú èéfín. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì, ewúrẹ́ mẹ́ta sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọnin. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó fi àpò iṣu kan ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò irú nǹkan yìí, ẹ fi mẹ́ta sọ́kàn. Èkíní, ẹ má ṣe dá lọ sọ́jà. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ni kí ó bá yín lọ, kí ó sì ti wọn ọkọ̀ yín wá láti ilé. Èkejì, ẹ má ṣe fi gbogbo owó ra ẹnjìnì. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi rà á kò tó ìdajì ohun tí ó ná. Ẹ̀kẹta, ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹnjìnì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún àwọn ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Bí nọ́ńbà ara ẹnjìnì àti ti inú ìwé bá yàtọ̀, olè ni wọ́n yóò kọ́kọ́ pè yín lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá sì dé Ládìípọ̀, tí ọmọ ìsọ̀ mú sípánà tí ó ń tú ohun kékeré kan kúrò lára ẹnjìnì tí ẹ ti san owó rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tú u tán kí ẹ tó béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.