Bọ́ọ̀sì Àsàláátù Lójú Ọ̀nà Ìkọ̀lé

Ẹni tí ó bá ti Adó-Èkìtì kọrí sí ìhà àríwá, yóò dé Ìfàkì. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan lọ sí Ìdó, ìlú Olójùdó, èkejì lọ sí Ọ̀yẹ́. Láti Ọ̀yẹ́ ni a ó ti dé Ìkọ̀lé, ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé, kí a tó máa bá ọ̀nà lọ sí Òmùò àti ilẹ̀ Kàbà. Ilẹ̀ òkè ni, ilẹ̀ iṣu àti kòkó, ọyẹ́ ibẹ̀ a sì máa mú ènìyàn dé eegun. Ọ̀nà yìí ni àwọn ìyá Àsàláátù wa ń tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn fún wáàsí. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń lò, inú bọ́ọ̀sì wọn ni púpọ̀ nínú wọn sì ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́.

Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà, wọ́n tẹ́ fóòmù àti ẹní sí i. Ní ilẹ̀ òyìnbó, irú ọkọ̀ báyìí ni àwọn ẹlòmíràn sọ di ilé, tí wọ́n fi ń lọ gba afẹ́fẹ́ kiri. Tiwa kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n wàhálà kan náà ni ó ń bá gbogbo wọn fínra, òun ni ti iná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a lè dé ìlú kan kí a kàn ki waya bọ ara ògiri. Ní oṣù September ọdún 2019, àìsí iná ni ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́ tú sí ojú títì, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ẹ̀mí. Bí iná bá ṣòro fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ni ti bọ́ọ̀sì tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí?

Látijọ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rí iná. Wọ́n ń fa waya láti ara bátìrì ọkọ̀ fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan dání fún fáànù alẹ́. Ti bátìrì, ẹ ti mọ bí ó ṣe ń rí: wáàsí dùn títí di aago mẹ́wàá ní Ìdó, ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kọ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń ti bọ́ọ̀sì bí ẹni ti ẹrù. Ti jẹnẹrétọ̀ ni ó burú jù. Bí a bá gbé e sí ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń wọlé. Oró kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, a kì í fi ojú rí i. Ẹni tí ó bá ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń kú. Ní oṣù May ọdún 2024, ọ̀dọ́ méje ni wọ́n bá ní òkú ní Yenagoa nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá ni ìyẹn. Bọ́ọ̀sì kéré ju yàrá lọ.

Èyí ni àwọn ìyá fi dá owó jọ, tí wọ́n sì pe rewáyà kan ní Ìkọ̀lé. Ìkọ̀lé yìí ni ẹ̀ka yunifásítì Ọ̀yẹ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí a ń wí yìí, abẹ́ ọkọ̀ ni ó ti kọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, bátìrì tí ń jí ọkọ̀ kì í ṣe bátìrì tí ń tan iná.” Ó ní ti ọkọ̀ ni a ṣe kí ó tú agbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan kí ó sì sinmi; bí a bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbẹ, yóò bàjẹ́ láìpẹ́. Nítorí náà ó fi bátìrì kejì sí i, irú èyí tí a ṣe fún sólà, ó sì fi ohun kan sí àárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì méjèèjì á máa gba iná. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á pínyà, ti wáàsí kò sì lè fọwọ́ kan ti ọkọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó jókòó ṣírò. Bátìrì náà jẹ́ 12 fóòtì àti 100 ámpì-wákàtí. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó di 1,200 wáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi ásíìdì kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì, bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, nítorí náà 600 ni tiwa. Fáànù kékeré méjì, wáàtì 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́jọ: 240. Gílóòbù mẹ́rin tí ó jẹ́ wáàtì 5, fún wákàtí márùn-ún: 100. Gbohùngbohùn wáàtì 60 fún wákàtí méjì: 120. Fóònù mẹ́fà: bíi 90. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 550. Ó ku díẹ̀ kó kún. Pákó sólà wáàtì 200 tí ó gbé sí orí ọkọ̀ lè dá nǹkan bí 600 padà ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa.

Níbẹ̀ ni Ìyá Súnnà ti bínú. Ó ti gbé kẹ́tùlù oníná wá láti ilé. “Ẹ ti ná gbogbo owó yìí tán, ẹ wá ní kí n má se omi tíì?” Rewáyà wólẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, màmá.” Ó fi yé wọn pé kẹ́tùlù wáàtì 1,500 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré yóò jẹ 250, ìyẹn ju ohun tí fáànù méjèèjì ń jẹ láti alẹ́ títí di àsùbá. Yóò sì fa bíi ámpì 125 lára waya. Bí waya bá tín-ín-rín, yóò gbóná títí yóò fi gbiná. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́ sábẹ́ ìjókòó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lójú tèmi, ìyá náà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, nítorí òun ni ó dá owó jù. Ṣùgbọ́n èédú àti sítóòfù wà ní ìta fún omi tíì àti omi àlùwàlá, kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò fáànù fún ọmọ tí kò rí oorun sùn.

Nǹkan méjì mìíràn ni ó ṣe tí àwọn tí ń du owó a máa fò. Ó fi fíúsì sí ẹnu bátìrì gan-an, kì í ṣe ní ìdí gílóòbù, kí waya tí ó bá pàdé irin ọkọ̀ lójijì má baà dá iná sílẹ̀. Ó sì kan àpótí fún bátìrì, ó ri páìpù láti inú rẹ̀ jáde sí ìta, nítorí bátìrì olómi a máa tu gáàsì tí ń gbiná bí ó bá ń gba agbára, ibẹ̀ sì ni orí àwọn ọmọ wà bí wọ́n bá sùn.

Ìlú Ọ̀yẹ́ ni a ti kọ́kọ́ sùn pẹ̀lú rẹ̀. Wáàsí tán, a pa gbohùngbohùn, fáànù ń fẹ́, kò sí ariwo kankan. A ń gbọ́ àwọn kòkòrò inú koríko. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì bátìrì kò kún bí ó ti yẹ. Eruku ọyẹ́ ni ó bo pákó sólà lórí ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọkùnrin méjì ti ń gun òkè pẹ̀lú aṣọ tútù kí oòrùn tó yọ dáadáa, Ìyá Súnnà a sì máa dúró ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, á máa tọ́ka sí ibi tí wọn kò nù.