Ẹyẹ oníke tó di ẹyẹ ìlú ní Madison

Ẹni tó bá dé Madison, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó rí ẹyẹ pínǹkì ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ lójúde onílé, kó má wulẹ̀ lé e: ike ni! Flamingo ni wọ́n ń pè é. Don Featherstone ló ṣe é lọ́dún 1957, àwọn afínjú sì ní ọ̀ṣọ́ ará oko ni. Àmọ́ lọ́dún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n to ẹyọ 1,008 sórí òkè Bascom. Ẹ̀fẹ̀ wá di òótọ́: lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ di ẹyẹ ìlú. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí yunifásítì bá ń wáwó, òkè yẹn kan náà ni wọ́n ń tò ó sí. Ẹni tó bá dáwó, wọ́n á fi ẹyẹ kan kún un. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń pawó o!