Ohun Tí Ojú Rí, Tí Ẹnu Kò Sọ

Gbèsè kan wà tí mo jẹ àbúrò wa kan, kì í sì í ṣe gbèsè owó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: "Ojú rẹ̀ kò mọ́." Ó yẹ kí n sọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, n kò sì sọ ọ́.

Àwa bíi mẹ́sàn-án tí a fẹ́ràn fọ́tò yíyà ni a máa ń pàdé ní ilé ẹnì kan nínú wa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Àìkú tí ó bá gbẹ̀yìn oṣù. Kò sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ náà jẹun rí nínú wa àfi Bàbá, tí wọ́n ti ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ ni àwọn kan, ẹnì kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ń ṣiṣẹ́ ìwé. Oníkálukú yóò tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì, a ó dúró yí i ká, a ó sì máa sọ ohun tí a rí. Òkè, odò àti igbó ni àwọn kan nínú wa ń yà. Àwọn kan a máa dọ̀bálẹ̀ sínú koríko nítorí kòkòrò tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Àbúrò tí mò ń wí yìí, kòkòrò ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo sọ yìí, ó kó àwòrán 12 wá: tata lórí ewé gbágùúdá, labalábá, èèrà tí ó ń wọ́ ìyẹ́ kòkòrò mìíràn lọ sílé, aláǹtakùn nínú òwú rẹ̀ tí ìrì sẹ̀ sí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun fẹ́ yá owó láti tẹ̀ wọ́n ní ńlá, kí òun kan férémù sí wọn, kí òun sì kó wọn lọ sí Èkó níbi tí wọn yóò ti ṣe àfihàn àwòrán. Gbogbo wa wò wọ́n. A ní, "Ó mà dára o! O kú iṣẹ́." Mo rí i pé nínú 9 nínú àwọn àwòrán náà, ojú kòkòrò kò mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ìyẹ́ rẹ̀ ni lẹ́ńsì mú. Mo rí i kedere. Èmi náà ní, "O kú iṣẹ́."

Wọ́n dá a padà ní Èkó. Ẹni tí ó ń ṣa àwòrán níbẹ̀ kò lò tó ìṣẹ́jú méjì lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ojú tata, ó fi tọ́ ojú labalábá, ó fi tọ́ orí èèrà, ó ní ibi tí ojú bá ti ṣú, àwòrán ti kú. Àbúrò wa wá bá mi nílé. Kò bínú, ìyẹn gan-an ni ó sì dùn mí jù. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn?" N kò lè purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní mo rí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni a kò fi rí i níbi ìpàdé wa.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi ni pé ọmọlúàbí kì í dójú ti ẹnìkejì rẹ̀ láwùjọ. Àwáwí ni. Kò sí ohun tí ó ní kí n má pè é sí kọ̀rọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ó fẹ́ràn mi, iyìn ni ó sì rọrùn jù láti fi ra ìfẹ́ ènìyàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo sì ń kí ìyá ọmọ kú ewu.

Àwọn kan a máa sọ pé àṣà Òyìnbó ni kí a máa tú iṣẹ́ ọnà wò lójú ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti agbẹ́gilére. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, gbé ère síwájú àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ní kí wọ́n sọ èyí tí ó dára nínú wọn àti ìdí tí ó fi dára. Ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1973, ó sì hàn níbẹ̀ pé kò sú àwọn ènìyàn wa láti ṣe àríwísí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é sì wà nílẹ̀: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún. Ìfarahàn ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Kí ojú jẹ́ ojú, kí ìka jẹ́ ìka, kí ilà tí a fín hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ kan yìí ì bá tó mi sọ fún àbúrò wa. N kò ní láti bu ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan mọ́ ọn.

Kì í sì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí a bá ya kòkòrò débi pé àwòrán rẹ̀ nínú kámẹ́rà bá òun fúnra rẹ̀ dọ́gba ní ìwọ̀n, bí a tilẹ̀ pa ojú lẹ́ńsì dé f/8, ibi tí yóò mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ayàwòrán mí kanlẹ̀, ojú tata ti bọ́ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá sì pa ojú lẹ́ńsì jù, ìmọ́lẹ̀ yóò máa fọ́n bí ó ti ń gba ihò tóóró náà kọjá, gbogbo àwòrán yóò sì ṣe bàìbàì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ya ogún àwòrán tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń sún kámẹ́rà síwájú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà ṣa ibi tí ó mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àwọn mìíràn a jí ní ìdájí, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí kòkòrò lè fò. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ìdajì wákàtí ni ì bá gbà mí láti sọ ọ́ fún un kí ó tó lọ yá owó.

Èmi náà ti jẹ nínú oúnjẹ kíkorò yìí rí, láti ọwọ́ Bàbá. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún kan, mo gun Òkè Ìdànrè ní kùtùkùtù. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, mo sì ru kámẹ́rà, lẹ́ńsì mẹ́ta àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé kámẹ́rà dúró. Mo ya àwọn òkè náà bí wọ́n ti tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọyẹ́, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ròyìn àtẹ̀gùn, mo ròyìn òtútù, mo ròyìn orúnkún mi. Bàbá ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní, "Àwòrán rẹ kò mọ̀ pé o gun òkè." Wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo òfuurufú, tí ó funfun láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, tí ó sì gba ìdajì àwòrán náà. "Wò ó báyìí." Mo wò ó. Àwọn òkè náà rìn wá bá mi. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, àwọn òkè sá padà. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àtẹ́lẹwọ́ jiyàn?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Kí ni o rí tí o fi dúró níbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n bá sọ ìtàn Ansel Adams fún wa, bí ó ti dojú kọ àpáta Half Dome ní Yosemite ní 1927, tí ó ku gíláàsì méjì péré lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ya àwòrán. Ó ya èkíní tán kí ó tó yé e pé òfuurufú ibẹ̀ kò ní bá ohun tí ọkàn òun rí mu. Ó fi gíláàsì pupa bo lẹ́ńsì, ó ya èkejì, òfuurufú sì ṣú dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn àpáta. Ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí àwòrán náà wí kí ó tó tẹ kámẹ́rà. Èmi, orúnkún mi ni mo ń rò.

N kò gba gbogbo ohun tí Bàbá sọ o. Wọ́n ní kí n wá ènìyàn kan kí n fi sí ìsàlẹ̀ òkè náà, n kò sì gbà títí di òní. Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti ń bọ̀. Stephen Sprague, nígbà tí ó kọ̀wé ní 1978 nípa fọ́tò láàrin àwọn Yorùbá, ṣe àpèjúwe ẹni tí ó jókòó dáadáa, tí ó kọjú sí kámẹ́rà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Fọ́tò ènìyàn ni fọ́tò lójú wa. Nígbà tí mo fi àwòrán Ìdànrè kan náà han ìyá mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní, "Ta ni ó wà níbẹ̀?"

Rowland Abíọ́dún, nínú ohun tí ó ti kọ lórí ọnà Yorùbá, a máa dárúkọ ìlutí. Kí etí là sí ohun tí a sọ ni mo fi túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n báwo ni etí yóò ṣe là, bí ẹnu bá pa dé?

Ní ìkẹyìn mo dìde, mo lọ bá àbúrò wa ní ilé rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kí ó kó àwòrán 12 náà jáde. A tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a sì jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń sọ ohun tí mo rí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfi oyin sí i. Ó gbà nípa tata, ó gbà nípa labalábá. Nígbà tí a dé orí èèrà, ó kọ̀. Ó ní kì í ṣe èèrà ni òun ń yà, ẹrù rẹ̀ ni. Ìyẹ́ náà ni òun fẹ́ kí ó mọ́, kí èèrà fúnra rẹ̀ dà bí òjìji lábẹ́ ẹrù. Mo tún un wò. Gbogbo iṣan ìyẹ́ náà hàn, ó ń dán bí gíláàsì, ẹranko kékeré dúdú kan sì wà nísàlẹ̀ tí ó ń là á já. Èmi àti ẹni tí ó wà ní Èkó, ojú ni àwa ń wá, a kò wo àwòrán. Kì í ṣe 9 ni ó ní àléébù. Mẹ́jọ ni.

Ó padà sí ìpàdé wa ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Mo mú àwòrán kan dání lọ́jọ́ náà, adágún Ẹlẹ́yẹlé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo fẹ́ràn gidigidi. Gbogbo ènìyàn ní ó dára. Àbúrò wa tẹ̀ síwájú, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó, ó sì wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, omi yín ń dà nù sí ọwọ́ òsì."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ní kí wọ́n bá mi wá rúlà.