Ẹsẹ̀ Tí Kò Pọ́n

Àwa ọmọ Yorùbá tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà n'Ílùú Ọba, yìnyín la rò pé ó lè ṣe wá léṣe. Òjò la ò kà sí. Ọjọ́ méjì nínú ẹrẹ̀ ní Wales, ìbọ̀sẹ̀ wa rin gbindin, yìnyín ò bọ́ rárá, ẹsẹ̀ wa kú. A tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n lára.

A fi han ọ̀gá wa. Ó ní kò pọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹsẹ̀ dúdú wo ló ń pọ́n gan-an? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí àwọn ṣọ́jà Ìlú Ọba sọ pé ewu òtútù yìí fi ìlọ́po 30 pọ̀ fún adúláwọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ.

La bá gbé ẹsẹ̀ ti hítà. Hà! Ó wú, ó ń ta wá bí iná. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ ká jẹ́ kó móoru, ká nù ún gbẹ, ká gbé e sókè, ká má fọwọ́ ra á.

Ní báyìí, a kì í bi ara wa bóyá ó pọ́n. "Ṣé o mọ ìka mi lára?" là ń bèèrè, a ó sì pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti padà sílé. Nínú ooru Oṣù Kẹta n'Íbàdàn, ìbọ̀sẹ̀ ló ṣì ń wọ̀ sùn.