Ẹni Tí Kò Le Rojọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì di èké, ṣùgbọ́n ọmọ ti jìnnà sí òkété. Ẹni tí ó bá ń gbé Maryland, níbi tí ọ̀nà Ìkòròdú gbé pàdé ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony, mọ bí ilẹ̀ ti í mọ́ níbẹ̀: kí ojúmọ́ tó là ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Orẹ́gùn àti Ọgbà, òru ni wọn yóò sì padà dé. Àwọn ọmọ yòókù wà ní òkè òkun. Ta ni yóò ha bu omi fún ìyá ní ọ̀sán? Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó fi ń pọ̀ sí i láàrin wa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá. Ìjọ Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Múṣin. Àwọn aládàáni sì ti sọ ilé olódi gíga di ibùgbé àwọn àgbà kiri àdúgbò. Àwa kò bá ẹni tí ó gbé òbí rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀ wíjọ́. Ẹni tí kò bá tí ì gbé arúgbó aláìlera dìde ní òru rí, kí ó má ṣe yára dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé aládàáni wọ̀nyí, èyí tí a kì yóò dárúkọ, ni àwa mẹ́rin máa ń lọ ní ọjọ́ Sátidé láti ka ìwé ìròyìn fún àwọn àgbà. Ní ìgbà kẹta tí a lọ ni a ṣàkíyèsí ìyá kan. Ife omi wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le dé ibẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tí a gbé e dìde kí ó le mu omi, a rí egbò ní ìbàdí rẹ̀, irú èyí tí í dá sí ara ẹni tí a kò yí padà lórí ibùsùn. Ó sì ti jìn. A bi í bí wọ́n ti ń ṣe sí i. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa, ọmọ mi.” Wíwò tí ó wo ẹnu ọ̀nà yẹn bà wá lẹ́rù ju egbò náà lọ.

Àríyànjiyàn pọ̀ láàrin wa ní ọ̀nà. Ọ̀kan wí pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òwe náà dára nínú ọ̀ràn lọ́kọláya, ṣùgbọ́n a kò rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ní ìyá tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́kàn. Ẹlòmíràn béèrè pé bí a bá fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí wúwo jù ú lọ, nítorí obìnrin 2 péré ni ó ń tọ́jú arúgbó 21 nínú ilé náà, a sì rí i bí wọ́n ti ń sáré kiri. Níkẹyìn a fi ohùn ṣọ̀kan pé ohun tí ojú wa rí nìkan ni a ó kọ: ọjọ́, wákàtí, ife, egbò, àti ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ. A kò kọ pé ìkà ni ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fi ọ̀ràn sùn kì í ṣe adájọ́, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ni ìwádìí.

Olórí ilé náà ka ìwé wa, ó sì dáhùn pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìwé ìròyìn ni a ní kí ẹ wá kà.” A wá ọ̀nà kọ̀wé sí ọmọ ìyá náà ní ìlú òyìnbó. Ẹ wo ohun ìyanu: iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni òun pàápàá ń ṣe níbẹ̀! Èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lé màmá mi jáde. Níbo ni kí n gbé wọn sí?” A kò mọ ohun tí a ó wí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó tún kọ̀wé pé bí òun bá rí irú egbò bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ òun, tí òun sì dákẹ́, òun yóò pàdánù iṣẹ́ òun. Ó ní kí a lọ.

Òótọ́ ni ó sọ. Ní Copthorne, ní West Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé kan wà tí à ń pè ní Orchid View, tí wọ́n tì ní 2011. Akọ̀wé obìnrin kan níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní kí ó ba àwọn ìwé àkọsílẹ̀ oògùn jẹ́, ni ó lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Ní 2013 adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé a kò tọ́jú àwọn 19 tí ó kú bí ó ti yẹ, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tí ó fa ikú 5 nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú sọ pé 2 nínú òṣìṣẹ́ 3 ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣe àwọn àgbà níṣekúṣe láàrin ọdún kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òfin àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ìwé Òfin Ọ̀daràn ilẹ̀ wa, tí ó ti wà láti 1916, sọ ní abala 300 pé ẹni tí ó bá gba ìtọ́jú ẹlòmíràn, tí ọjọ́ orí tàbí àìsàn kò jẹ́ kí onítọ̀hún le kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí ó le bọ́ ara rẹ̀, gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ nílò, ìbáà ṣe àdéhùn owó ni ó mú un gbà á. Ní 2017 ni a tún ṣe òfin tí ó dá Ibùdó Àwọn Àgbà ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Bí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, 112 ni nọ́ńbà tí à ń pè ní Èkó.

Ìwé wa dé Aláúsá ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wọ ilé náà láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà ti sọ pé díẹ̀ ni ó kù kí egbò náà dé eegun. Ilé náà ti gba olùtọ́jú méjì sí i. Àwa ni wọn kò jẹ́ kí a wọlé mọ́. Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ọjọ́ta nísinsìnyí, ibẹ̀ ni a sì ti ń ka ìwé ìròyìn fún un. Ojú ewé àwọn òkú ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè, ó ní òun fẹ́ mọ iye àwọn tí òun ti jù lọ.