Ọ̀nà Ẹ̀yìn Tí Ó La Ilẹ̀ Hopi àti Navajo Kọjá

Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ìlú Flagstaff lọ sí Gallup, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni títì ńlá tí wọ́n ń pè ní Interstate 40. Títì yìí fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Bí ọta ìbọn ni mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́ta ènìyàn ti dé. Èkejì gba apá àríwá lọ sí Kayenta, nítòsí Monument Valley, níbi tí àwọn òkúta pupa gìrìwò dúró káàkiri pápá. Àwọn tí ń ṣe sinimá fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà 264, tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í yà sí. Òun ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbà ní oṣù Júláì ọdún 2023. Mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní Arizona. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi títì ńlá nìkan gbé yín kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo wí yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó ti pẹ́ ní Phoenix, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe níbẹ̀, òun ni ó sì wa ọkọ̀. Títì ńlá ni òun fẹ́, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń retí wa ní Gallup ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ní, "Tíṣà, aṣálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kí ni o fẹ́ wò níbẹ̀?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tí ń gbé inú aṣálẹ̀ náà ni mo fẹ́ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a yà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ sí apá àríwá.

Ọ̀nà 264 fi nǹkan bí 70 máìlì gùn ju títì ńlá lọ. Tuba City ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn tó máìlì 154 kí ó tó dé ààlà New Mexico. Kí ẹ tó lè mọ adùn rẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Àwọn Navajo, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, ni wọ́n ni èyí tí ó tóbi. Ilẹ̀ wọn lé ní 27,000 máìlì níbùú-lóròó, ó sì wọ inú Arizona, New Mexico àti Utah. Ilẹ̀ àwọn Hopi wà láàárín tiwọn bí pupa ẹyin ti wà láàárín funfun rẹ̀. Ààrẹ Chester Arthur ni ó pààlà ilẹ̀ Hopi ní ọdún 1882, láìwo ẹni tí ń gbé ibi tí ó fi gègé là kọjá. Ìran méjì yìí kò jọ ara wọn rárá. Èdè wọn kò papọ̀. Hopi ń kọ́ ilé òkúta mọ́ra wọn lórí òkè, wọ́n sì jẹ́ àgbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Navajo ní tirẹ̀ máa ń gbé ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú àgùntàn. Ilé àbáláyé wọn sì ń kọjú sí ìlà-oòrùn.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí yóò dààmú àlejò ni aago. Ìjọba Arizona kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí àwọn yòókù ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Navajo ń yí tirẹ̀. Hopi kì í yí i. Nítorí náà, bí aago mẹ́wàá bá lù ní Moenkopi tí í ṣe ti Hopi, mọ́kànlá ti lù ní Tuba City tí í ṣe ti Navajo, bẹ́ẹ̀ títì kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni aago wa yí padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó yá, Bọ̀ọ̀dá bọ́ aago rẹ̀ sínú àpò.

Bí a ti ń kúrò ní Tuba City, mo rí àwọn ilé tí òrùlé wọn ti jò, tí wọ́n fi pákó àti táyà dì mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀dí yóò rò pé ọ̀lẹ ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: ní ọdún 1966, ọ̀gá àgbà kan nínú ìjọba Amẹ́ríkà, Robert Bennett, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tàbí tún un ṣe ní apá ibẹ̀ láìjẹ́ pé Hopi àti Navajo fohùn ṣọ̀kan, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn. Àṣẹ yìí wà títí di ọdún 2009. Ẹ rò ó wò: ènìyàn kò lè fi páànù tuntun rọ́pò èyí tí ó ti dípẹtà lórí ilé bàbá rẹ̀ fún ogójì ọdún ó lé. Ní apá ibòmíràn lórí ilẹ̀ àríyànjiyàn náà, òfin ọdún 1974 pín ilẹ̀ sí méjì, ó sì lé àwọn Navajo tí ó ju 10,000 lọ kúrò nílé wọn, àti Hopi bí ọgọ́rùn-ún. Kò sí ògiri tàbí ọ̀pá ààlà kan tí yóò fi èyí hàn yín láti inú ọkọ̀.

Lẹ́yìn Moenkopi, ilẹ̀ ya lójijì sí àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Coal Mine Canyon. Pupa, funfun, àti àwọ̀ eérú ni ara òkúta rẹ̀, ó gún ṣóńṣó-ṣóńṣó bí àbẹ́là tí ó ti yọ́. Ọ̀nà erùpẹ̀ pọ̀ ní gbogbo agbègbè yìí, wọ́n sì ń fani mọ́ra gidigidi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àlejò má yà sí wọn. Lọ́nà kìíní, ojúde onílé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọ̀nà gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn kiri inú ìgbẹ́ Navajo ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba wọn. Lọ́nà kejì, ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ́sì, òjò lè rọ̀ níbi tí ó jìnnà sí yín, tí oòrùn yóò máa ràn lórí yín, kí àgbàrá rẹ̀ sì dé bá yín nínú ipa odò gbígbẹ. Ọ̀dà 264 dára púpọ̀. Ẹ dúró lórí rẹ̀, kí ẹ sì máa wo àgùntàn àti màlúù tí ń dá kọjá.

Ilẹ̀ Hopi gan-an jẹ́ òkè mẹ́ta tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Láti ìwọ̀-oòrùn, òkè kẹta ni a kọ́kọ́ kàn. Oraibi wà lórí rẹ̀, ìlú kékeré olókùúta tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láti nǹkan bí ọdún 1100 láìṣí kúrò. Ìlú tí ó tó o lọ́jọ́ orí ní gbogbo Amẹ́ríkà kò pọ̀. Ní ibi yìí ni mo ti gbọ́ ìtàn tí ó dá mi dúró.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Láti ojúlé dé ojúlé ni mo máa ń lọ bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé. Ní Oraibi, àwọn òbí kọ̀. Ìjọba ti ṣí ilé-ìwé sí Keams Canyon ní ọdún 1887, níbi tí àwọn ọmọ ní láti máa gbé jìnnà sílé. Nígbà tí àwọn bàbá kò fi ọmọ sílẹ̀, tí wọn kò sì gbà kí a gé ilẹ̀ wọn ní gígé, àwọn sójà kó mọ́kàndínlógún nínú wọn, wọ́n sì jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n Alcatraz, ní erékùṣù létí òkun, fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ọdún 1895. Ọ̀ràn náà pín ìlú sí méjì: àwọn tí ó ní kí a bá ìjọba rẹ́, àti àwọn tí ó ní rárá. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1906, wọn kò yọ idà sí ara wọn. Wọ́n fa ìlà sílẹ̀, apá méjèèjì sì ń ti ara wọn. Apá tí wọ́n bá tì kọjá ìlà ni yóò fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìjọba ni a tì kọjá. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé ẹrù wọn, tọkọtaya, tọmọ tàgbà, wọ́n lọ tẹ Hotevilla dó. Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi tún wá kó àwọn ọmọ wọn níbẹ̀.

Mo rò ó títí a fi kọjá Kykotsmovi. Lójú tèmi, kì í ṣe ìwé ni àwọn bàbá wọ̀nyẹn kọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí a mú ọmọ lọ, kí a gé irun orí rẹ̀, kí a sì fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Tíṣà tí kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní àwọn ìlú Hopi, ẹ kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, ẹ kò gbọ́dọ̀ yà á ní gègé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá bá àkọlé tí ó sọ pé ìlú wà ní títì, ẹ padà. Orò wọn ni wọ́n ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá ti na fóònù rẹ̀ jáde kí n tó sọ fún un. Ó kùn díẹ̀, ó ní ojú òun nìkan ni yóò wá jẹ́rìí òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lórí òkè kejì, ilé oúnjẹ kan wà níbi tí wọ́n ń pè ní Hopi Cultural Center, ilé àlejò sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú. A jẹ ẹran àgùntàn tí wọ́n sè pẹ̀lú àgbàdo. Ní ìta, obìnrin àgbàlagbà kan ń ta piki. Àgbàdo aláwọ̀ aró ni wọ́n fi ń ṣe é: wọn a pò ó pẹ̀lú eérú, wọn a fi ọwọ́ lásán tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí òkúta gbígbóná, wọn a sì ká a. Ó fúyẹ́ bí ìwé, ó ń rún lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ wa ni oko àgbàdo náà wà nínú iyanrìn, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì, ó sì kúrú. Wọn kì í bomi rin ín. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn, kí gbòǹgbò lè bá ọ̀rinrin, nítorí òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í tó ínǹṣì 12.

Ojú ọ̀run ṣú bí a ti dúró níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń sọ nípa ọ̀nà. Ìyá náà kò wo ọ̀nà. Oko ni ó kọjú sí. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́, ó bo ọjà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, ó sì jókòó sínú òjò náà bí ẹni tí àlejò pàtàkì wá kí. A dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi dá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó gbà, kò sì sí ohun tí ó ṣe ọ̀nà.

Walpi wà ní ṣóńṣó òkè kìíní, bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́. Amọ̀nà ọmọ ìlú nìkan ni ó lè mú yín wọ ibẹ̀, ọwọ́ wa kò sì ká a lọ́jọ́ náà. Kí a tó dé Keams Canyon, a kọjá ilé-ìwé gíga Hopi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1986. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọmọ tí ó tó ìwé yẹn ń lọ. Nísinsìnyí, wọ́n ń sùn sílé.

Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ Navajo ni títí dé òpin. Ní Ganado, ẹ yà sí ilé ìtajà Hubbell. Láti ọdún 1878 ni John Lorenzo Hubbell ti ń bá Navajo ṣe pàṣípààrọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tún ń tajà nínú rẹ̀ dòní. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Ẹní onírun àgùntàn tí àwọn obìnrin Navajo hun wà níbẹ̀, aláwọ̀ pupa àti dúdú. Owó rẹ̀ ga, mi ò puró fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ aṣọ òkè yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní Window Rock, olú-ìlú wọn, òkúta ńlá kan ní ihò roboto láàárín tí a fi ń rí ojú ọ̀run. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ìrántí àwọn Navajo tí ó fi èdè wọn ránṣẹ́ àṣírí nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1942, àwọn ọ̀tá kò sì lè tú u. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti jẹ níyà ní ilé-ìwé nítorí èdè náà kan náà. Bọ̀ọ̀dá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun tí ń sáré.

Máìlì bí 25 ni ó kù sí Gallup. Ẹni tí yóò bá gba ọ̀nà yìí, kí ó rọ epo kún ọkọ̀ ní Tuba City, kí ó gbé omi dání, kí ó má sì gbé ọtí wọ ibẹ̀, nítorí Navajo àti Hopi kò fi àyè gbà á. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òtútù, kí ó mú aṣọ tí ó nípọn, nítorí òkè náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000, yìnyín sì ń bọ́ níbẹ̀.