Òǹtẹ̀ Bọ́dà Kì í Ṣe Ìwé Ìgbélùú: Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Màmá Aláṣọ-òkè Dé Ákírà

Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n máa to lẹ́tà yín jọ ní ọ́fíìsì wa ni mo ti ń rí ìbéèrè kan tó ń padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. "Ṣebí ECOWAS ti ní ká máa lọ, ká máa bọ̀, ìwé wo ni àwọn ará Gánà tún ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa?" Aláta kọ ọ́, télọ̀ kọ ọ́, bàbá mẹkáníìkì kan kọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ọ̀gá mi kà á títí, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tí egungun rẹ ṣì le, wọkọ̀, lọ wò ó wá."

Mi ò dá lọ. Nínú àwọn tó kọ lẹ́tà, màmá kan wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ òkè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Ákírà, irun ló ń ṣe níbẹ̀, oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé tó ti dé ọ̀hún. Owó àjọ tí màmá kó ló fi rán an lọ, òun náà ló fi gba ṣọ́ọ̀bù fún un. Àfi bí ọmọ ṣe fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ní àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n béèrè ìwé, òun mú ìwé jáde, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ìwé, kí òun tilẹ̀kùn kí àwọn tó padà wá. Màmá ní òun ń lọ bá a. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ n bá yín lọ."

A sùn l'Ékòó, ìdájí la sì gbéra. Láti Èkó dé Ákírà kò ju bí 460 kìlómítà lọ, ẹni tí kò rìn ín rí lè rò pé kí ọ̀sán tó pọ́n òun ti dé. Irọ́ ni o! Orílẹ̀-èdè mẹ́rin lẹ ó fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́jọ́ kan, bọ́dà mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn: Sẹ̀mẹ́, Hillacondji àti Aflao. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n á lu òǹtẹ̀ pé ẹ jáde níbì kan, wọ́n á tún lù ú pé ẹ wọ ibòmíì. Yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á tún béèrè káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ má fi tiyín sílé.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní Sẹ̀mẹ́, ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ sáré bá wa, ó ní, "Brọ̀dá, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù wá, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́, n ó bá yín lù ú." Mo mú temi fún un. Èmi tí mo pe ara mi ní akọ̀ròyìn! Wákàtí kan gbáko ni mi ò fi rí i mọ́. Nígbà tó padà dé, iye tó dá lé mi kò ṣe é gbọ́ sétí. Màmá kò mú tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti so ó mọ́ ìdí ìró, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé iwájú òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti ń jẹ búrẹ́dì. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwé lo kà, ọjà ni mo ná."

A ya Àjàṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, a gba Kútọnu kọjá láàárín àwọn ọlọ́kadà ẹlẹ́wù yẹ́lò, a gba Ouidah àti Grand-Popo, níbi tí igi àgbọn pọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ yẹ́yẹ́. Tógò kò pẹ́ rárá, ilẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín ni létí òkun. Kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó dé, a ti wà ní Lòmé, bọ́dà Gánà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú náà gan-an.

Ní Aflao, òṣìṣẹ́ lu òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù wa. Màmá nà án sí mi, ó ní, "Bá mi ka ohun tó kọ." Ẹ̀yin èèyàn wa, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Àdéhùn tí àwọn olórí wa fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù May, 1979, ló sọ pé ọmọ ECOWAS lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ o, kì í ṣe ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí oníbọ́dà bá kọ iye tó kéré sí i sórí òǹtẹ̀ yín, iye tó kọ ni kẹ́ ẹ máa kà. Ọ̀rọ̀ ìgbélùú, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní 1986, ìyẹn náà sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Ìwọlé lọ̀tọ̀, ìgbélé lọ̀tọ̀. Àlejò tó wá kí yín ní pálọ̀, ṣé ó ti di pé kó gbé bẹ́ẹ̀dì wá?

Aflao yìí náà ni màmá ti dákẹ́. Obìnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ bí rédíò láti àárọ̀, ó kàn ń wo etí òkun. Ìgbà tí ọkọ̀ Ákírà gbéra tí a dorí kọ Sogakope ló tó lanu.

"Akọ̀ròyìn, ibí yẹn la sùn."

Mo ní, "Nígbà wo, mà?"

"Ní 1969. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí."

Kùmásì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Nígbà náà, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso wa, owó kan náà la jọ ń ná, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni bàbá ń tà, ó kọ́lé, ó bímọ síbẹ̀. Òun nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ìnísà, ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Gánà gba òmìnira ní 1957. Ní 1963, wọ́n ṣòfin pé àjèjì tó bá fẹ́ gbé ìlú àwọn gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú. Ta ló lọ gbà á? Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́, àwọn tó gbọ́ ní ọ̀rọ̀ ìwé ni, yóò kọjá. Òfin náà sùn fún ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ 18, oṣù November, 1969, ìjọba Busia jí i dìde: ọjọ́ mẹ́rìnlá péré, ẹni tí kò bá níwèé kó máa lọ sílé rẹ̀.

Màmá ní bàbá òun lọ tò sórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta, ìlà náà kò sún. Ó padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà bí ẹni ń ta ẹja tó fẹ́ bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Àṣáńtì kan ló kó o fún. Wọ́n gun lọ́rì, wọ́n dé Aflao, èrò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì sùn sórí iyanrìn lálẹ́ mẹ́rin. "Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ìyá mi," màmá ní, "kò ríran rí Ògbómọ̀ṣọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi í.

Kí n má ṣe bí ẹni pé Gánà nìkan ló jẹ̀bi. Lọ́jọ́ 17, oṣù January, 1983, ìjọba Shagari tiwa náà ní kí àjèjì tí kò níwèé fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Gánà tó kẹ́rù wọn sínú báàgì onílà pupa-búlúù pọ̀ débi pé báàgì ọ̀hún ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Irú rẹ̀ ni màmá gbé sórí itan nínú ọkọ̀ wa. Ìpápánu tó ń gbé fún ọmọ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó sọ̀ ní gáréèjì Tudu. Ọmọ ń dúró dè wá, ó gbá màmá rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo rìn yí ọjà ká. Ara mi yá gágá nígbà tí mo rí ọṣẹ dúdú wa lórí àtẹ, tí ìyá tó ń tà á pè é ní alata samina. Alata ni wọ́n ń pe àwa ará ibí láti ayé ọjọ́un, samina sì ni ọṣẹ. Orúkọ wa ti wọ balùwẹ̀ wọn. Àwa ni ìwé wa ò tí ì wọ ọ́fíìsì wọn.

Ọmọ kó ìwé rẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń wọ kóòtù ló gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní pámíìtì lòun bá a ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òǹtẹ̀ àlejò ni, wọ́n kàn fi 60 ọjọ́ kún iye tó fi wọlé, ọjọ́ náà sì ti tán tipẹ́. Ọmọ ní, "Brọ̀dá, ó ní ọdún kan ni." Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

Lárààárọ̀ ọjọ́ kejì a dé ọ́fíìsì imigiréṣọ̀n. Ọmọ Ṣáínà wà lórí ìlà, ọmọ Íńdíà wà, ọmọ Lẹ́bánónì wà, àwọn ará ilé wa náà pọ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn kì í ṣe oníjàgídíjàgan, ó fara balẹ̀. Ó béèrè pé iṣẹ́ wo lọmọ ń ṣe.

"Irun ni mo ń ṣe, mà."

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

"Èmi ni, mà."

Obìnrin yìí fi bírò sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tó bá jágbe mọ́ wa lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ nìyí, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Òfin ìdókòwò tí Gánà ṣe ní 2013 to àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè dá wọn sílẹ̀: ọjà títà lórí àtẹ nínú ọjà, ìkiri ọjà, ṣọ́ọ̀bù irun obìnrin àti ti ọkùnrin wà nínú wọn. Àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà rírà-títà, mílíọ̀nù kan dọ́là ni òfin náà ní kó mú wá, kó sì gba 20 ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là! Ta ló rí i nínú àwa tó ń kó àjọ? Torí òfin yìí ni wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ wa kan pa ní Circle ní Ákírà ní 2020. Kò dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ó lòdì sí ẹ̀mí ECOWAS, mo sì sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́ lòun ṣòfin.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ irun lábẹ́ ọmọ Gánà tó ni ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́. Ẹni yẹn ni yóò kọ lẹ́tà pé òun gbà á síṣẹ́. Wọn á kọ́kọ́ gba ìwé iṣẹ́, kí wọ́n tó gba ìwé ìgbélùú. Wọ́n á tún béèrè ìwé dókítà, fọ́tò, káàdì àjèjì, àti ìwé ọlọ́pàá láti Nàìjíríà pé kò rúfin nílé. Yóò san owó ìtanràn lórí ọjọ́ tó fi kọjá àyè, ní káńtà, kó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó lábẹ́ igi, ẹ sá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ fi orúkọ ọmọ Gánà kan bojú kẹ́ ẹ máa ta ọjà yín lọ, òfin kan náà fi ọwọ́ òdì mú ìyẹn.

Màmá bú sí i nígbà tí a jáde. "Owó àjọ mi! Ọdún méjì ni mo fi kó o!" Òótọ́ ni. Ọmọ dúró, ó ń sunkún, ó ní kí àwọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí òun máa tilẹ̀kùn bí wọ́n bá ń bọ̀, kí òun máa ṣí i bí wọ́n bá lọ. Ẹlòmíì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ orúkọ wọn. Màmá wò ó. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún bàbá mi. Ìwọ, wọn ò tí ì fún ẹ ní iye ọjọ́ kankan. Tà á báyìí."

Wọ́n tà á. Ẹ̀rọ ìgbẹrun, àga mẹ́ta àti jígí ńlá, obìnrin ọmọ Gánà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní òpópónà kejì ló rà wọ́n, kò sì yọ màmá jẹ púpọ̀, nítorí màmá mọ ọjà ná. Obìnrin náà ti ń wo ọwọ́ ọmọ yìí tipẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó ń dirun bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó kọ lẹ́tà náà. Ohun tó kù ni ìwé ọlọ́pàá, tí ó gbọ́dọ̀ ti ilé wá.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ̀nfílọ́ọ̀pù aláwọ̀ igi kan wà nínú báàgì Ghana Must Go náà, fọ́tò ọmọ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà nínú rẹ̀. Ní Aflao, òṣìṣẹ́ lu òǹtẹ̀ ìjáde. Màmá gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ọjọ́ mélòó la lò?"

Mo ní, "Mẹ́fà, mà."

Ó so ó padà mọ́ ìdí ìró.